Ilẹ̀ Tí A Kò Gbá: Bí A Ṣe Lè Fi Iṣẹ́ Ọwọ́ Kọ́ Ọmọdé ní Iṣẹ́ Ọnà Róòmù Àtijọ́

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi àwòrán yẹn han àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tẹjú mọ́ ọn, ó dìde dúró, ó ní, "Àǹtí, ṣé wọn ò ní ìgbálẹ̀ nílé wọn ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ yàrá ìjẹun kan láti ìlú Róòmù ló ń wò. Egungun ẹja, ẹsẹ̀ adìyẹ, ẹsẹ̀ alákàn, èèpo èso àti ewé ẹ̀fọ́ fọ́n káàkiri ibẹ̀ bí ìgbà tí àríyá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Èkúté kan tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń họ nǹkan jẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ìdọ̀tí kankan nílẹ̀ náà. Òkúta wẹ́wẹ́ àti gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n fi to gbogbo rẹ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mòsáìkì ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Èdè àti àṣà wa la tìtorí ẹ̀ ń kóra jọ, ṣùgbọ́n ìtàn Róòmù wà lára ohun tí ìjọba là sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún 7 sí 11 ní ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò sí ọdún tí ọmọ kan kì í gbé iṣẹ́ àmúrelé Róòmù wá bá mi. Bébà tí wọ́n tẹ àwòrán sí ni wọ́n sábà máa ń gbé wá. Ọmọ á kùn ún, á gé bébà aláwọ̀ wẹ́wẹ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó parí nìyẹn. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè lẹ́yìn oṣù kan, kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí tí àgbàlagbà fi máa jókòó to òkúta fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Láti ìgbà náà, mo máa ń jẹ́ kí ọmọ gba ọ̀nà tí oníṣẹ́ ọnà ayé àtijọ́ gbà, kí ìṣòro tó bá oníṣẹ́ náà lè bá òun náà. Ibi tó bá ti le ni ẹ̀kọ́ wà. Ọmọ tí òkúta rẹ̀ kọ̀ tí kò bá ara mu á padà lọ wo iṣẹ́ ará Róòmù lẹ́ẹ̀kejì, ojú oníṣẹ́ ni yóò sì fi wò ó.

Sátidé mẹ́rin ni mo ń lò, wákàtí méjì-méjì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé nígbà ọlidé lè parí ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí amọ̀ bá ti lè rí ọjọ́ mẹ́ta gbẹ. Àwọn ọmọ ọdún 7 sí 12 ló bá mu jù.

Kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun

Ẹ wá àwòrán ilẹ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Asarotos oikos ni àwọn Gíríìkì ń pe irú rẹ̀, ìyẹn ni pé "yàrá tí a kò gbá". Sosus, oníṣẹ́ ọnà kan ní ìlú Pergamon tó wà ní Tọ́kì òde òní, ló gbajúmọ̀ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Pliny ará Róòmù ló kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ kò sí mọ́. Èyí tí à ń wò yìí, Heraclitus ló ṣe é ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Krístì. Wọ́n hú u jáde lórí òkè Aventine ní Róòmù lọ́dún 1833, ó sì wà ní mùsíọ́mù Vatican báyìí.

Ẹ fẹ àwòrán náà kó tóbi, kí ẹ má sì tíì ṣàlàyé ohunkóhun. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dákẹ́ wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó ka iye oúnjẹ tó rí. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá èkúté náà. Èso kan tó jọ àsálà ló ń jẹ.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi wọ́n. Kí ni wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà? Ta ló máa gbá a? Kí ló dé tí ẹnì kan fi máa sanwó kí wọ́n to ìdọ̀tí sílẹ̀ ilé rẹ̀? Tí ẹ bá dé ìbéèrè kejì, ẹ má fi pa mọ́ fún wọn pé ẹrú ló máa gbá a. Orí ibùsùn gbọọrọ ni àwọn ọlọ́rọ̀ Róòmù ń rọ̀gbọ̀kú sí jẹun, ilẹ̀ ni wọ́n sì ń ju egungun sí. Ìbéèrè kẹta ni kí ẹ fún láyè jù. Ọmọ kan nínú àwọn tèmi ní kí àlejò lè mọ̀ pé oúnjẹ pọ̀ nílé yẹn ni. Òmíràn ní wọ́n fẹ́ kí àlejò bẹ̀rẹ̀ láti ṣa egungun, kó wá rí i pé òkúta ni. Mi ò rò pé ìkankan nínú àwọn méjèèjì ṣìnà.

Kí wọ́n tó lọ sílé, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wo ohun tó ṣẹ́ kù sínú àwo rẹ̀, kó mú ẹyọ kan, kó yà á sórí bébà bó ṣe tóbi gan-an, kó sì mú àwòrán náà wá. Èyí ló ń mú iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi. Lọ́dún tó kọjá, egungun pańla wọlé wá, orí edé wọlé, èèpo ẹ̀pà, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, egungun itan adìyẹ tí ẹnì kan ti fọ́ lórí láti fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Ilẹ̀ ará Róòmù kún fún ohun tí ará Róòmù jẹ. Ó yẹ kí ilẹ̀ tiwọn náà kún fún ohun tí àwọn jẹ.

Sátidé kìíní: kí a ṣe òkúta

Mábù àti òkúta ni wọ́n ń lò nígbà náà. Oníṣẹ́ á ri abẹ irin kan mọ́ inú kùkùté igi, ẹnu abẹ náà á kọjú sókè. Á gbé òkúta lé e, á fi òòlù lù ú láti òkè, òkúta á sì là sí méjì. Ẹ má gbìyànjú èyí pẹ̀lú ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fọ́ táìlì fún wọn. Ẹ̀rún rẹ̀ máa ń ta sínú ojú. Àwọn kan ń lo ẹ̀wà. Èmi kì í lò ó, nítorí oúnjẹ ni, kòkòrò á sì ti jẹ ẹ́ kí ọdún tó yípo.

Amọ̀ ni mò ń lò. Ní Nàìjíríà, ẹ ra ti àwọn amọ̀kòkò, ó dára ju gbogbo èyí tó wà nínú ọ̀rá lọ. Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, a máa ń ra irú èyí tó ń gbẹ fúnra rẹ̀ láìfi sínú iná.

Ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí tábìlì, kí ọmọ fi ìgò yí amọ̀ náà títí yóò fi nípọn tó mìlímítà 5. Kí ó gbé rúlà lé e, kó fi ọ̀bẹ tí kò mú fa ìlà sí i ní sẹ̀ǹtímítà kan-kan, ní òró àti ní ìbú. Kí ìlà náà wọlé dé ìdajì ìnípọn amọ̀, kó má gé e tán. Bí àkàrà amọ̀ náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò fún yín ní ẹyọ 324. Páńẹ́lì tí ọmọ máa to òkúta lé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò ní gbà ju 225 lọ. Ìyókù wà fún àwọn tó máa kán. Wọn yóò kán.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe àkàrà kan fún àwọ̀ funfun, nítorí funfun ni ilẹ̀ tí gbogbo nǹkan máa wà lórí rẹ̀. Àwọn àwọ̀ yòókù, kí wọ́n jọ ṣe é, kí wọ́n jọ pín in.

Ẹ má sá amọ̀ sóòrùn. Mo sá a lẹ́ẹ̀kan, etí gbogbo rẹ̀ ká sókè bí ewé gbígbẹ, a sì tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Inú ilé ni kó ti gbẹ, lórí pákó, kí ẹ sì máa yí i padà lójoojúmọ́.

Sátidé kejì: àwọ̀, àti ojú tí wọ́n pa rẹ́

Amọ̀ ti gbẹ báyìí. Kí àwọn ọmọ kun àkàrà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ. Àwọ̀ márùn-ún péré ni mo máa ń gbà wọ́n láyè: funfun, dúdú, eérú, pupa bíi ti ilẹ̀, àti àwọ̀ ìyeyè tó ṣú díẹ̀. Wọ́n á bẹ̀bẹ̀ fún búlúù. Ẹ sọ fún wọn pé inú ilẹ̀ ni oníṣẹ́ ti ń wa ọ̀pọ̀ àwọ̀ rẹ̀, ohun tí òkúta àdúgbò bá ní ló máa lò. Búlúù tó mọ́ rekete ṣọ̀wọ́n nínú òkúta, gíláàsì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ mi gbọ́ èyí, wọ́n padà lọ wo àwòrán náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n rò pé gíláàsì wà.

Bí ọ̀dà náà bá ti ń gbẹ, àkókò ṣófo, ìgbà yẹn la máa ń ya àwòrán ìdílé.

Àwòrán róbótó kan wà ní mùsíọ́mù kan nílùú Berlin, ó fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Orí pákó ni wọ́n yà á sí ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Krístì, láti Íjíbítì ló sì ti wá. Olú-ọba Septimius Severus ni, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Julia Domna, ará Síríà, àti àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n bí Severus sí, ní Leptis Magna, etíkun Líbíà òde òní, lọ́dún 145. Ó di olú-ọba lọ́dún 193. Ìlú tí à ń pè ní York lónìí, níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kú sí lọ́dún 211. Ẹ ò ní mọ bí èyí ṣe ń rí lójú ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ìyá àti bàbá rẹ̀ wá láti Áfíríkà, àfi tí ẹ bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bù mọ́ ọn. Nínú àwòrán náà, awọ ara rẹ̀ ṣókùnkùn ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ, àwọn ayàwòrán ìgbà náà sì sábà máa ń kun ọkùnrin dúdú ju obìnrin lọ. Ibi tí wọ́n bí i sí àti ibi tó kú sí ni kí ẹ sọ fún wọn. Ó tó.

Tẹ́ńpẹ́rà ni wọ́n fi yà á, irú ọ̀dà tí wọ́n sábà máa ń fi pupa ẹyin pò. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fọ́ ẹyin, ẹ ya pupa rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ rọra yí i lórí bébà ìnuwọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ fi ìka méjì gbé e sókè lórí ife, kí ọmọ fi igi ìtayín gún un nísàlẹ̀, kí omi pupa náà ṣàn sínú ife, kí ẹ sì sọ awọ tó kù nù. Ẹ da ṣíbí omi kékeré kan sí i, ẹ rò ó pọ̀. Ẹyin kan tó ọmọ mẹ́rin. Fún àwọ̀, ẹ lọ èédú kúnná fún dúdú, ẹ lọ ṣọ́ọ̀kì fún funfun, ẹ sẹ́ ilẹ̀ pupa. Osùn náà dára bí ẹ bá rí i rà. Kí ọmọ máa po díẹ̀díẹ̀ lórí àwo, nítorí kíá ló ń gbẹ. Òun fúnra rẹ̀ á rí i pé kò ṣeé nù lọ bí ọ̀dà ilé-ìwé, pé ńṣe lèèyàn gbọ́dọ̀ máa fa ìlà tín-ín-rín lé ara wọn. Kí gbogbo wọn fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà, nítorí ẹyin tútù ni, kí ẹ sì da èyí tó ṣẹ́ kù nù lọ́jọ́ yẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí ṣáájú bóyá ọmọ kankan wà tí ara rẹ̀ kì í gba ẹyin. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù funfun tí a bomi là ló máa lò, kí ó sì jókòó jìnnà sí àwo ẹyin.

Lórí páálí róbótó, kí kálukú ya ìdílé tirẹ̀: bàbá, ìyá, bùọ̀dá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ẹni tó bá fẹ́.

Ìgbà tí wọ́n bá yà á tán ni kí ẹ tó pe wọ́n wá wo àwòrán ti Berlin dáadáa. Ojú kan kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti họ ojú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjèèjì kúrò pátápátá. Geta ni. Lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, Caracalla ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí wọ́n pa á kí ọdún 211 náà tó parí, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa orúkọ àti àwòrán rẹ̀ rẹ́ káàkiri ilẹ̀ ọba náà. Mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan họ ojú ara ilé rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ya ojú kan sórí páálí mìíràn fúnra mi, kí wọ́n fi owó ẹyọ họ ìyẹn. Ọmọkùnrin kan họ ọ́ títí, ó fẹ́ ẹ̀rún rẹ̀ kúrò, ó gbé páálí náà sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní, "Àǹtí, èèyàn ṣì máa mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀." Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Mo ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Àwọn kan máa ń béèrè ìdí tí mi ò fi kọ́ wọn ní àwòrán ara ògiri, irú èyí tó pọ̀ ní Pompeii, ìlú Róòmù àtijọ́ kan. Inú ẹfun òkúta sísun (lime) tí kò tíì gbẹ ni ayàwòrán ń fi ọ̀dà sí, kí ọ̀dà náà lè bá ògiri gbẹ pọ̀. Ẹfun irú bẹ́ẹ̀ ń jó awọ ara. POP lèèyàn lè fi rọ́pò rẹ̀, àgbàlagbà ló sì gbọ́dọ̀ pò ó. Kí ọmọ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ rárá, nítorí ó máa ń gbóná bó bá ń dì. Fún àwọn tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ó dára.

Sátidé kẹta: kí a tò ó

Ọjọ́ iṣẹ́ gan-an nìyí. Káfíńtà ti gé pílíúdù fún wa, sẹ̀ǹtímítà 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo páálí. Omi inú gọ́ọ̀mù máa ń ká a bí ọkọ̀ ojú omi, òkúta á sì já sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kí ẹ tó fún wọn ní gọ́ọ̀mù, ẹ pa iná yàrá. Ẹ gbé egungun adìyẹ gidi lé bébà funfun, kí ọmọ kan tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Òjìji á yọ. Bí ó bá gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, òjìji á kúrú. Bó bá gbé e wálẹ̀, á gùn. Ẹ wá padà sí iṣẹ́ Heraclitus, kí wọ́n wo òjìji abẹ́ ẹsẹ̀ alákàn, abẹ́ egungun, abẹ́ èkúté. Òjìji ló jẹ́ kó dà bíi pé èèyàn lè ṣa nǹkan wọ̀nyẹn nílẹ̀. Lára pílíúdù, kí ọmọ fi pẹ́ńsù ya ohun tó mú wá, kó sì ya òjìji rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kí gbogbo kíláàsì lò, kí pákó wọn lè jọ wà nínú ìmọ́lẹ̀ kan nígbà tí a bá pa wọ́n pọ̀.

Kí wọ́n wá ṣẹ́ amọ̀ wọn sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n kó àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ife tirẹ̀. Bí a ṣe máa tò ó nìyí:

1. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi òkúta tò yí etí nǹkan tó yà ká, láti inú. Bó bá jẹ́ egungun, kí òkúta tẹ̀ lé bí egungun ṣe tẹ̀.
2. Kó kún inú rẹ̀, kó to òjìji pẹ̀lú àwọ̀ eérú tàbí dúdú.
3. Kó to òkúta funfun ìlà kan yí gbogbo rẹ̀ ká, láti òde, kí òun náà tẹ̀ lé bí nǹkan náà ṣe tẹ̀.
4. Lẹ́yìn èyí ni kó tó kún ìyókù ilẹ̀ pẹ̀lú funfun.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni àwọn ọmọ máa ń fò. Ẹ má gbà. Ẹ fẹ àwòrán èyíkéyìí nínú àwọn mòsáìkì Róòmù tó dára, ẹ máa rí ìlà funfun yẹn tó rọ̀gbà yí ẹranko tàbí èèyàn ká kí òkúta ilẹ̀ tó tò lọ tààrà. Bí kò bá sí ìlà yìí, orí àti etí òkúta ilẹ̀ á máa já sára egungun kíṣikìṣi, ojú ò sì ní mọ ibi tí egungun parí sí. Nígbà tí ọmọ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan tí kò sí, tó tún un ṣe pẹ̀lú rẹ̀, kò tún nílò àlàyé kankan mọ́.

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ló dára jù. Kí ọmọ fi sí ibi tó tó fífẹ̀ ìka mẹ́ta péré lẹ́ẹ̀kan. Bó bá fi sí gbogbo pákó, á ti gbẹ kó tó dé ìdajì. Kí ó fi àlàfo tín-ín-rín sáàárín òkúta méjì, tó bíi mìlímítà kan. Òkúta tó bá nílò kó tẹ̀ tàbí kó ṣe ṣónṣó, kó fi ọ̀bẹ fa ìlà sí i, kó fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ. Amọ̀ tí kò jóná kì í le.

Á rẹ̀ wọ́n. Nígbà tó bá ti tó ogójì ìṣẹ́jú, mo máa ń dá wọn dúró láti ṣe ìṣirò kan. Mòsáìkì ogun Alexander, ọba Masidóníà àtijọ́, èyí tí wọ́n rí nínú ilé kan ní Pompeii lọ́dún 1831, tó wà ní mùsíọ́mù Naples, fẹ̀ ju mítà 5 lọ, ó ga ju mítà 3 lọ, òkúta inú rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan. Bí ẹnì kan bá ń to òkúta kan ní ìṣẹ́jú àáyá 10, láìdáwọ́ dúró, wákàtí mélòó ló máa gbà á fún mílíọ̀nù kan? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é fúnra wọn. Ó máa sún mọ́ wákàtí 2,778. Bó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ 347 nìyẹn, kò gba ọjọ́ ìsinmi. Kíláàsì máa ń dákẹ́ lójijì tí ìdáhùn yẹn bá jáde. Wọ́n á padà sídìí pákó wọn.

Ọmọ kan á béèrè, wọn kì í ṣàì béèrè, bóyá àwọn baba ńlá wa náà tẹ́ ilẹ̀ báyìí. Ẹ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé ní Ilé-Ifẹ̀ àpáàdì ni wọ́n lò. Wọ́n gún un ní ìnàró sínú ilẹ̀, etí rẹ̀ kọjú sókè, wọ́n to ó ní ìlà-ìlà tàbí bí egungun ẹja, wọ́n sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ há a láàárín láwọn ibòmíràn. Ìtàn ìlú sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó gorí ìtẹ́ Odùduwà, ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ. Àwọn ará Róòmù náà ń to bíríkì bí egungun ẹja. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnì kejì. Àwòrán méjèèjì ni mo máa ń gbé ka ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n fúnra wọn wá ibi tí wọ́n ti jọ àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

Sátidé kẹrin: àlàfo, àti orúkọ

Kí ẹ tó dí àlàfo àárín òkúta, ẹ bomi la gọ́ọ̀mù funfun, kí ọmọ fi búrọ́ọ̀ṣì rọ̀ ọ́ kun gbogbo ojú iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó sì gbẹ dáadáa. Bí ẹ bá fò ó, omi máa tú amọ̀, ọ̀dà á sì bó. Sìmẹ́ńtì funfun tí àwọn tó ń lẹ táìlì fi ń dí àlàfo la máa ń lò. Ó ń ta awọ ara, nítorí náà àgbàlagbà tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kó pò ó, kó sì tẹ̀ ẹ́ wọ inú àlàfo. Iṣẹ́ ọmọ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ti dì díẹ̀. Kí òun náà wọ ìbọ̀wọ́, kó fi kànrìnkàn tútù tí a fún dáadáa nu ojú òkúta kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni ojú wọn ti máa ń tàn. Ohun tó ti ṣe yánkanyànkan láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá á ṣàdédé di ilẹ̀.

Bí pákó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹ tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta sílẹ̀ gan-an, ẹ má gbé wọn kọ́ sára ògiri lákọ̀ọ́kọ́. Kí àwọn ọmọ dúró lókè wọn, kí wọ́n wò wọ́n láti ibi tí àlejò ará Róòmù ti ń wo tirẹ̀.

Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè kó wọn lọ sí British Museum lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn kì í gbowó ìwọlé. Mòsáìkì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n hú ní òpópónà Leadenhall nílùú yìí kan náà lọ́dún 1803, Bacchus òrìṣà ọtí ló gun ẹkùn níbẹ̀. Ẹ má sọ ohunkóhun fún wọn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n á wá ìlà funfun.

Iṣẹ́ kan ṣẹ́ kù kí kálukú tó gbé tirẹ̀ lọ sílé. Heraclitus to orúkọ rẹ̀ sínú ilẹ̀ yẹn ní èdè Gíríìkì, pé òun lòun ṣe é. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yí pákó rẹ̀ padà, kó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, kó kọ ọjọ́ àti ohun tó jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, kó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Èmi ni mo ṣe é."